Àìsàn Àbíkú Inú Mọ́tò

Ìdájí ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá ni. Mo ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, òjò ń rọ̀, mo yà kúrò ní Old Kent Road ní gúúsù London, mo bọ́ sí Albany Road. Bí táyà iwájú ṣe gun bọ́ǹpù báyìí, gbogbo abẹ́rẹ́ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná iwájú ṣẹ́jú, rédíò panu mọ́. Kí n tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ohun gbogbo ti padà sípò. Mo wa mọ́tò náà dé Thurlow Street, mo gbé e sí ìdí ilé, mo jókòó sínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ń tan iná, mo ń pa á. Kò sí ohun tó ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó fi ọ̀sán gbogbo yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan, ó ní ká pààrọ̀ bátìrì. A pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ní alítánétọ̀ ni. A pààrọ̀ ìyẹn náà. Owó tí mo ná sórí nǹkan méjèèjì lé ní £400. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìyẹn, mo múra ṣọ́ọ̀ṣì, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo gbọ́ "kọ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mọ́tò ò ta.

Àwọn àgbà ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Olóògùn mọ iṣẹ́, ewé rẹ̀ ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í dúró kó jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe é. Irú àìsàn yìí ló wà nínú wáyà mọ́tò tó ti dàgbà. Àwọn rewáyà, bí a ṣe ń pe àwọn oníṣẹ́ iná mọ́tò nílé ní Nàìjíríà, ní orúkọ fún un: páṣíà kọ́ńtáàtì. Wáyà kan ibi tó yẹ kó kàn, ṣùgbọ́n kò kàn án dáadáa. Mọ́tò tó bá kú pátápátá rọrùn láti wò, nítorí ibi tó ti kú ò ní sá lọ. Èyí tó ń kú tó ń jí ló ń jẹ owó olówó. Wọ́n á pààrọ̀ ohun tí wọ́n fura sí, mọ́tò á gbádùn fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìdí mìíràn, gbogbo wa á gbà pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Mọ́tò tó ti dàgbà pọ̀ ní Aylesbury, ẹ́sítéètì tí mò ń gbé. Wọ́n kọ́ ẹ́sítéètì náà parí ní 1977, ilé inú rẹ̀ nígbà náà lé ní 2,700, wọ́n sì fi orúkọ àwọn ibi inú Buckinghamshire pe àwọn ilé gàgàrà rẹ̀: Wendover, Taplow, Chiltern. Àwọn tó ya àwòrán rẹ̀ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún mọ́tò àti gáréèjì, wọ́n gbé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sókè bí afárá láti ilé dé ilé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wó o díẹ̀díẹ̀ láti kọ́ òmíràn, ọ̀pọ̀ mọ́tò sì ń sùn síta nínú òjò àti yìnyín. Òfin ULEZ, tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí èéfín mọ́tò rẹ̀ bá burú jù, dé agbègbè wa ní oṣù kẹwàá 2021, òun ló tún jẹ́ kí irú mọ́tò tèmi níyì. Ọ̀pọ̀ mọ́tò onídísẹ́ẹ̀lì tó jáde ní 2013 ń san £12.50 lójúmọ́, ṣùgbọ́n mọ́tò onípẹtiróòlù tó jáde ní 2006 ò san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé kó tó sùn, ò ní fẹ́ kí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun nítorí wáyà kan.

Ẹni tó bá mi wá ojútùú sí i ni ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Wendover nígbà náà. Mushin ló ti kọ́ṣẹ́ rewáyà, lórí Peugeot 504 àti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, kó tó wá síbí. Bọ̀dá ni gbogbo wa ń pè é. Ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ mi tán, kò tiẹ̀ ní kí n ṣí bọ́néẹ̀tì.

"Má ra nǹkan kan mọ́," ó ní. "Lọ ra ìwé kékeré kan."

"Ìwé kẹ̀, Bọ̀dá? Mọ́tò ló ń ṣàìsàn, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwé. Gbogbo ìgbà tó bá ti ṣe é, kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ wo? Òjò ń rọ̀ àbí oòrùn ń ràn? Ẹ́ńjìnnì ti gbóná àbí ó ṣì tutù? Ṣé o ń yà sí ọ̀tún, àbí o ń gun bọ́ǹpù, àbí o dúró síwájú iná tó pọ́n? Kí lo tàn sílẹ̀?"

Ohun tó ń sọ rèé, ó sì ti di ohun tí mo gbà gbọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í ṣe ti aláìnídìí. Nǹkan kan ló ń pè é jáde, nǹkan mẹ́rin ló sì sábà máa ń jẹ́: ooru, omi, ìgbọ̀nrìrì, tàbí ẹrù iná tó wúwo. Ooru ń mú irin fẹ̀, ibi tí òjé ti sán á ya ara. Omi ń gbé iná gba ibi tí kò yẹ. Ìgbọ̀nrìrì ń mi wáyà tó ti fẹ́ já. Tí ẹrù iná bá sì wúwo, ojú ọ̀nà tó fún á fi ara rẹ̀ hàn, bí títì ṣe máa ń rí ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ẹni tí kò bá tíì mọ èyí tó ń pè é nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní ìdí láti mú sípánà. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ lè pè é jáde nígbà tó bá wù ú, àìsàn tó bá sì jáde nígbà tí a pè é ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Mo kọ ìwé náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà mẹ́sàn-án ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ, mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ló jẹ́ ọjọ́ òjò. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti mú un. Omi ni! Mo ní omi ń wọ àpótí fíúsì. Bọ̀dá rọra bu omi sínú korobá, ó dà á díẹ̀díẹ̀ sí ìdí gíláàsì iwájú àti ibi tí ewé máa ń kó sí. A tan mọ́tò, a dúró. Kò sí nǹkan kan. A ṣí àpótí fíúsì: inú rẹ̀ gbẹ bí eérú.

Ó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá bi mí léèrè ohun tí mi ò ronú kàn: "Tí òjò bá ń rọ̀, kí ni ìwọ fúnra rẹ máa ń ṣe tí o kì í ṣe lọ́jọ́ tí oòrùn bá wà?"

Mo máa ń tan iná iwájú. Mo máa ń tan wáípà. Mo máa ń ṣí fáànù tó ń fẹ́ ooru sójú gíláàsì dé òpin. Mo máa ń tẹ èyí tó ń mú gíláàsì ẹ̀yìn gbóná. Òjò kọ́ ló ń dà mọ́tò láàmú. Àwọn ohun tí òjò mú mi tàn ni. A dúró di ọ̀sán ọjọ́ kan tí ilẹ̀ gbẹ, a tan gbogbo wọn pọ̀, Bọ̀dá fi ọwọ́ méjèèjì mi ẹ́ńjìnnì. Abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wó lulẹ̀ níṣojú wa. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń wa mọ́tò, mi ò rántí ìgbà kan tí inú mi dùn bẹ́ẹ̀ sí ohun tó bàjẹ́.

Ká wá sọ ìdí rẹ̀. Iná inú mọ́tò ní àlọ, ó ní àbọ̀. Àlọ rẹ̀ la máa ń rí: ó jáde láti orí bátìrì tí wọ́n kọ àmì àròpọ̀ sí, ó gba fíúsì, ó gba súwìṣì, ó dé ìdí gílóòbù. Àbọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Kò sí wáyà kan tó gùn láti ìdí gílóòbù padà sídìí bátìrì. Ara irin mọ́tò fúnra rẹ̀ ni iná ń gbà padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn rewáyà nílé fi ń pe ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà àbọ̀ yìí, ní bọ́dì. Ẹ́ńjìnnì wá jókòó lórí rọ́bà kí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ má baà dé ara wa, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi wáyà kan tó nípọn, tí wọ́n hun bí irun dídì, so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì. Alítánétọ̀ tó ń pèsè iná wà lára ẹ́ńjìnnì. Sítátà tó ń mú mọ́tò ta wà lára ẹ́ńjìnnì. Gbogbo iná tó bá ń padà sọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ gba orí wáyà kan ṣoṣo yẹn kọjá. Ó wà nísàlẹ̀, nínú ẹrẹ̀ àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó.

Bí a ṣe wọ̀n ọ́n nìyí. A fi mítà sí ibi tí a ti ń wọn fóltì. A fi ẹnu wáyà mítà kan sórí òpó bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò, lórí òpó òjé gan-an, kì í ṣe lórí irin tó dì í mú. A fi èkejì sára ẹ́ńjìnnì níbi tí irin ti hàn. Tí àbọ̀ bá dára, nọ́ńbà tó máa jáde ò ní ju 0.1 tàbí 0.2 lọ, nítorí pé ibi méjèèjì yẹ kó jẹ́ ibì kan náà lójú iná. Nígbà tí a ò tan nǹkan kan, ó mú 0.1. Tí a bá dá a dúró níbẹ̀, à bá ní ó dára, à bá lọ ra nǹkan mìíràn. Nígbà tí a tan gbogbo nǹkan, ó mú 1.4. Nígbà tí Bọ̀dá mi ẹ́ńjìnnì, ó fò kọjá 2.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Gbogbo ohun tí mo máa ń tàn lọ́jọ́ òjò ń fa iná tó tó ámpìà 45 pọ̀. Tí ìdènà tó wà nínú wáyà náà bá jẹ́ óòmù 0.03 péré, ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ lé ní 1.3 fóltì tó ṣòfò sójú ọ̀nà. Alítánétọ̀ tuntun mi ń pèsè 14.4, bátìrì tuntun mi ń rí 13 péré jẹ, ìyẹn ò sì tó láti fi yó. Ní òwúrọ̀, sítátà á ní òun fẹ́ ámpìà 150. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.03 kan náà: fóltì 4.5 ti lọ. Bátìrì tó ní 12.4 ò wá lè fún sítátà ju 8 lọ, ohun tí a ó sì gbọ́ ni "kọ́" tí mo gbọ́ lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Dáṣíbọ́ọ̀dù, bátìrì, sítátà: àìsàn mẹ́ta lójú mi, wáyà kan ṣoṣo ló bí wọn.

A yọ wáyà náà. Lókè, ó dára. Níbi tí wọ́n ti fún un mọ́ irin tí nọ́ọ̀tì ń dì, fọ́nrán bàbà rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ó ju ìlàjì wọn lọ tó ti já. Òmíràn tí mo rà ò tó £15. Bọ̀dá fi sáńpépà ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò lára bọ́dì títí irin fi ń dán, ó dè é pa, ó wá fi fáṣílíìnì kùn ún níta kí omi má baà débẹ̀. A tan gbogbo nǹkan. Mítà mú 0.04.

Ó dùn mí nítorí alítánétọ̀ tí a sọ nù. Kò jinnà síbi tí a dúró sí yẹn, ní Newington Butts, ni wọ́n ti bí Michael Faraday ní 1791. Òun ló fi hàn ní 1831 pé tí agbára òòfà bá ń yí padà nítòsí wáyà, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í sàn nínú rẹ̀, ohun tí alítánétọ̀ sì ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nìyẹn. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nínú ẹ́sítéètì wa, àpótí irin ńlá tó ń dán ní Elephant and Castle sì jẹ́ ìrántí rẹ̀. Inú àpótí náà ni ẹ̀rọ iná fún rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ wà. Àwọn ọmọ tó ń kọjá lọ síléèwé náà láàárọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mi kọjá. Ó wù mí kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ Faraday wà lábẹ́ bọ́néẹ̀tì.

Nǹkan kan wà nípa mítà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tún iná ṣe fi sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ máa ń yọ wáyà, wọ́n á fi mítà wọn ìdènà rẹ̀, mítà á ní ó dára. Iná tí mítà ń rán gba inú wáyà nígbà náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé fọ́nrán kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú ọgbọ̀n tó láti gbé e. Ó dà bí kí a fi ọmọ ìkókó dán afárá wò kí tírélà tó gùn ún. Ìdí nìyẹn tí tẹ́sítà àwọn rewáyà wa, gílóòbù kékeré tí wọ́n so wáyà méjì mọ́, fi máa ń rí ohun tí mítà olówó ńlá ò rí. Gílóòbù 21 wáàtì ń fa nǹkan bí ámpìà 1.75, tí wáyà ò bá lágbára, gílóòbù á ṣẹ́jú lójú rẹ. Ẹ má kàn fi í kan wáyà tó wọ inú kọ̀ǹpútà mọ́tò tàbí sẹ́ńsọ̀, torí iná tó ń fà lè ba ìyẹn jẹ́. Ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà tí ìdè rẹ̀ bá pọ́n rúsúrúsú bí pupa inú ẹyin adìẹ: ti ẹ́ábáàgì ni, ó lè bú sí yín lójú.

Àwọn ibi mìíràn tí irú àìsàn yìí ń sá pamọ́ sí ò pọ̀ bí èèyàn ṣe rò. Ibi tí wáyà bá ti ń tẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: rọ́bà tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara mọ́tò, àti èyí tó wà lókè ilẹ̀kùn búùtù. Mọ́tò tó ti lo ọdún méjìdínlógún ti ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ ní àìmọye ẹgbẹ̀rún ìgbà, bàbà á sì ti ṣẹ́ nínú rọ́bà tó ṣì dára lójú. Fa wáyà náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Èyí tó bá nà bí gọ́ọ̀mù ti já nínú. Lẹ́yìn ìyẹn, ewé. Igi ńláńlá pọ̀ ní Burgess Park àti ní àwọn àdúgbò wa, ewé wọn sì máa ń dí ihò tí omi ìdí gíláàsì iwájú ń gbà jáde, omi á wá wá ọ̀nà mìíràn wọ inú mọ́tò. Rìléè náà wà níbẹ̀: mọ́tò tó ta láàárọ̀, tó kọ̀ láti ta lẹ́yìn ìgbà tí ẹ ra epo nínú oòrùn, tó tún ta nígbà tó tutù, ẹ wo òjé inú rìléè rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ó lè ti sán yíká.

Bátìrì tó ń kú lóru gba sùúrù ju gbogbo wọn lọ. Mọ́tò tó ń sùn yẹ kó máa mu iná tí kò ju 0.05 ámpìà lọ. Tó bá ń mu 0.5, ìyẹn jẹ́ ámpìà-wákàtí 12 lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù fún bátìrì ámpìà-wákàtí 60 tó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà inú mọ́tò kì í sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òmíràn ń gba ogójì ìṣẹ́jú. Tí ẹ bá ń fa fíúsì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa jí i. Ohun tó dára ni kí ẹ fi í sílẹ̀ kó sùn, kí ẹ wá fi ẹnu mítà méjèèjì kan ẹ̀yìn fíúsì kọ̀ọ̀kan níbi tó wà, kí ẹ wọn fóltì tín-ń-tín. Fíúsì tí nọ́ńbà kékeré bá yọ lára rẹ̀ ni iná ń gbà jò.

Mo ti rí ẹni tí fíúsì ámpìà 10 rẹ̀ ń jó, tó fi 30 síbẹ̀ kó lè rìn dé ibi tó ń lọ. Fíúsì ò jó mọ́. Wáyà ló ń jó, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọmọ ń gbé ẹsẹ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kì báà ṣe ní Ládípọ̀ l'Ékòó, kì báà ṣe ní Peckham.

Ìwé kékeré yẹn ṣì wà nínú mọ́tò mi. Bọ̀dá ti kó kúrò ní Wendover, ìjọba ìbílẹ̀ fún un nílé níbòmíràn, ṣùgbọ́n a ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lálẹ́ Sátidé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì ló ń dà mí láàmú báyìí: ó máa ń ṣí ara rẹ̀ nígbà mìíràn tí mo bá ti tì í. Mo fẹ́ lọ ra kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tuntun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bọ̀dá bi mí pé ìgbà mélòó ni mo ti kọ sílẹ̀. Mo ní mẹ́ta. Ó ní kí n jẹ́ kó pé mẹ́wàá.